Ọjọ́ tí Olùṣọ́ Kọ̀ láti Dìde

Òrílẹ̀ Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àìkú.

Muhydeen, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni ìwé mi bá ọ? Ṣé òtútù orí òkè Mambila yẹn kò mú ọ jù? Ṣé àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí o máa kọ́ ní ìṣirò ti ń gbọ́ tìrẹ báyìí, àbí wọ́n ṣì ń fi èdè wọn rẹ́rìn-ín rẹ? Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Bàbá wà, Ìyá wà, èmi náà wà. Kò sí ìrun tí a kí tí a kò dárúkọ rẹ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi díẹ̀. O gun òkè láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o pè mí, ohun kan ṣoṣo tí mo sì rí sọ ni pé, "Bàbá ti sàn, má bẹ̀rù," kí ìlà tó já. O wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé, "Kí ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi sàn?" Ìbéèrè gidi ni. Ayọ̀tọ́lá, àgùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ, wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ọmọ́lẹ̀, ó ní lọ́la ni òun ń padà. Mo ní kó jọ̀ọ́ dúró gba ìwé lọ́wọ́ mi, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù tó ń já. Wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà jókòó sí, kí o kà á tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú ara rẹ.

Láti ìgbà tí o ti lọ, èémí Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Sílíńdà ọ́síjìn ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ sì máa ń wà nímú wọn lóru, àti nígbà tí wọ́n bá rìn dé balùwẹ̀ tí wọ́n bá padà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ìyá ní àwọn gbà, pé ìyàwó tí kì í jẹun, tí kì í sì í rojọ́, kó jókòó kó máa fẹ́ ọkọ lọ. Láti ilé iṣẹ́ wa ní Oregun ni sílíńdà náà ti ń wá. Wàsíù, awakọ̀ wa, ló máa ń gbé èyí tó kún wá, tí yóò sì gbé òfìfo lọ.

Ìwọ náà ti bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní Oregun, nítorí gbogbo àdúgbò gbà pé afẹ́fẹ́ ni mò ń tà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé ọ. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa tó ń fa afẹ́fẹ́ lásán wọlé, tó ń sẹ́ ẹ bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì, títí yóò fi ku ọ́síjìn. Ọ́síjìn yìí là ń rọ sínú sílíńdà fún àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn aláìsàn tó wà nílé. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso ibi ìrọgáàsì ló wà níkàáwọ́ mi. Nínú kọ̀ǹpútà náà, ètò kan wà tí ojú kì í rí. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti jí ni òun náà máa ń jí, a sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé kó máa bi mítà léèrè bóyá ọ́síjìn mọ́ tó. Bó bá mọ́, á jẹ́ kí fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré ẹnu páìpù, wà ní ṣíṣí kí gáàsì máa wọ sílíńdà. Bí kò bá mọ́, á tì í pa. Olùṣọ́ ni a sọ ètò náà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń pè é lẹ́nu bí ẹni pé èèyàn ni. A ó ní, "Olùṣọ́ ti dìde." A ó ní, "Olùṣọ́ ò gbà."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn tó ṣe Olùṣọ́ fún wa fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́, irú èyí tí fóònù rẹ máa ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gbà tí o máa ń sọ pé ó dọ̀la. Kọ̀ǹpútà tiwa kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gba àtúnṣe náà nígbà tí a kò sí níbẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó sì tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà tí mo dé Oregun láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ńlá ń pariwo lẹ́yìn bó ṣe máa ń pariwo, ṣùgbọ́n ibi ìrọgáàsì dákẹ́ lọ́lọ́. Àwọn sílíńdà tò sórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ wọn kò wá. Peace, ọmọbìnrin Ughelli tó máa ń yẹ gáàsì wò, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Aunty Mùínàt, Olùṣọ́ no gree wake up o. Mo ti ń wò ó láti àárọ̀."

Mo jókòó, mo tẹ àṣẹ pé kó dìde. Ó dìde, ó ṣubú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún ṣubú. Kò tiẹ̀ dúró tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Mo pa kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀, mo tún un tàn, mo ń dúró, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Bákan náà ló rí. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún, tí mo rí i pé Ìyá ni.

Ìyá kì í pè mí láàárọ̀, ìwọ náà mọ̀. Wọ́n ní, "Mùínàt, ọwọ́ aago ara sílíńdà yìí ti wọ ibi pupa o. Wàsíù dà?" Ọ̀rọ̀ náà ni pé àyà Bàbá há gan-an ní òru Àìkú, Ìyá sì ṣí gáàsì sókè jù bó ṣe yẹ kó wà lọ, nítorí náà ohun tó yẹ kó gbé wọn dé ọ̀sán kò ní lè gbé wọn débẹ̀. Mo ní, "Ìyá, Olùṣọ́ ni kò tíì dìde. Bó bá ti dìde báyìí, Wàsíù á gbé e wá." Wọ́n ní, "Olùṣọ́ kò dìde? Háà. Ọlọ́hun á gbé e dìde o." Mo dáhùn àmín, mo sì padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀gá Bọ́dúndé wọlé. Àwọn ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, èèyàn tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ yẹn, fóònù kan wà létí ọ̀tún wọn, òmíràn wà létí òsì. Ilé ìwòsàn kan tó ń rajà lọ́wọ́ wa ní àwọn ọmọ ìkókó nínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n kò tíì kọ́ bí a ṣe ń mí dáadáa, ọ́síjìn ibẹ̀ kò sì ní pẹ́ tán. Gbogbo sílíńdà tí a rọ lọ́jọ́ Sátidé ló ti jáde. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ní, "Mùínàt, kí ló ń ṣe é?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ."

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nìyẹn, Muhydeen. Ètò tó bá ṣubú kì í ṣubú lásán. A máa sọ̀rọ̀ kó tó kú. Kọ̀ǹpútà ní ibi tó ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sí, ṣùgbọ́n bí ara bá ń kán èèyàn, kì í fẹ́ kà á. Yóò kàn máa tẹ "dìde, dìde" bí ẹni tó ń na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ṣí ibẹ̀, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ìkùnà àkọ́kọ́ hàn gbangba, ó sì fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Wáyà méjì ló wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, ti mítà àti ti ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì sára sílíńdà. Àtúnṣe tuntun ti pààrọ̀ orúkọ àwọn méjèèjì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Olùṣọ́ ń jí, ó ń lọ bá ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì, ó ń bi í pé, "Báwo ni gáàsì ṣe mọ́ sí?" Ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Olùṣọ́ á dúró, á dúró, á sì ṣubú.

Mo dá orúkọ kálukú padà fún un. Mo tẹ àṣẹ. Olùṣọ́ dìde, kò sì ṣubú lójú ẹsẹ̀. Peace pàtẹ́wọ́, ọ̀gá sì gbọ́wọ́ lé àyà. Kí wọ́n tó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó tún ṣubú. Mo ka ohun tó kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú: mítà ti dáhùn, ọ́síjìn kò mọ́ tó, kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀gá ní irọ́ ni. Wọ́n ní, "Ṣebí Sátidé ló mọ́ bí ojú? Ọ́púdéètì yẹn ló ń yí i lórí. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó ń bá ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, òun náà lẹ wá fẹ́ gbà gbọ́?" Kí n má parọ́ fún ọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò ó. Bí o bá rí ẹni tó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ta ni yóò tún ní kó júwe ọ̀nà?

Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, tí a fi ń ṣí fáàfù pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tí a bá ń fọ páìpù. Bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣí i, kò sí ohun tó kàn Olùṣọ́ mọ́, gáàsì á kàn máa wọ sílíńdà ni. Ọ̀gá na ọwọ́. Wọ́n rọra sọ ọ́, kò dà bí àṣẹ rárá, ó dà bí ẹ̀bẹ̀. "Mùínàt, mú un wá. Àwọn ọmọ yẹn. Bàbá tìrẹ náà ńkọ́?" Má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, nítorí àwọn tó ń retí wa. Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ó tutù lọ́wọ́ mi.

Fóònù tún dún. Ìyá ni. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́." Mo wá gbọ́ èémí Bàbá létí mi, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò ìrẹsì lórí sìmẹ́ńtì. Orúkọ tí wọ́n fi ń kì mí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. "Àkànkẹ́. Wọ́n ní... Olùṣọ́ kò dìde." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má... fipá gbé e dìde o. Ẹ wo... ohun tó ń ṣe é ná." Ìyá gba fóònù padà lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi, n kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Mo rántí ohun tó ba ẹ̀dọ̀fóró Bàbá jẹ́. O ti kéré jù nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà ni wọ́n wà, fáànù tó ń fa èéfín ọ̀dà síta sì kú lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ ná, pé wọ́n ń bọ̀ wá tún un ṣe. Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, fáànù ò yí. Bàbá kì í bínú bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé fáànù kò parọ́ fún àwọn, ó kú, gbogbo ayé sì rí i pé ó kú.

Mo sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ fún mi láyè kí Peace fi mítà ọwọ́ wò ó. Bó bá jẹ́ pé Olùṣọ́ ló ń parọ́, èmi fúnra mi ni n ó fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣí i." Mítà ọwọ́ yẹn dá dúró, kò bá kọ̀ǹpútà tan rárá, àtúnṣe kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Peace gbé e, ó sáré lọ sẹ́yìn síbi tí páìpù ti jáde lára ẹ̀rọ ńlá. A ń dúró. Ọ̀gá ń wo ẹnu ọ̀nà, èmi ń wo fóònù mi, mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kó jẹ́ irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo fẹ́ kí ètò tó wà níkàáwọ́ mi máa parọ́, kí n lè ṣí fáàfù.

Peace padà, kò sáré mọ́. Ó kàn yí ojú mítà náà sí wa. Nǹkan kan náà tí Olùṣọ́ ń sọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbà á, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n ní kó tún lọ wò ó. Ó lọ, ó dé, bákan náà ni. Gáàsì tó wà nínú páìpù wa lọ́jọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tí èmi àti ìwọ ń mí lásán. Ọ̀gá Bọ́dúndé jókòó sórí òfìfo sílíńdà kan pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Wọ́n ní, "Èmi ì bá..." Wọn kò parí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, a rí i lẹ́yìn náà. Iná lọ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì dé. Gbogbo ẹ̀rọ dìde padà àfi èyí tó ń gbẹ omi ara afẹ́fẹ́ kó tó dé inú asẹ́. Ọ̀rinrin wọ asẹ́ lọ, asẹ́ náà sì bàjẹ́, kò lè sẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Olùṣọ́ tá a ní tẹ́lẹ̀, àṣà rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ ṣí fáàfù, kó tó máa wo mítà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ohun tí àtúnṣe tuntun yí padà nìyẹn: mítà ni yóò kọ́kọ́ wò, kó tó ṣí ohunkóhun. Bí kì í bá ṣe àtúnṣe tí gbogbo wa ń ṣépè fún láàárọ̀ yẹn, àwọn sílíńdà àkọ́kọ́ ì bá ti kún, wọn ì bá sì ti jáde. Wàsíù ni ọ̀nà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yá. Agége ló sì máa ń kọ́kọ́ yà sí. N kò fẹ́ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a rí kò tíì di èémí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá dìde. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Àgídìngbì tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà ló ni ín. Ọmọ ìlú kan náà ni òun àti ọ̀gá wa, wọ́n sì ti bínú síra wọn látìgbà tí oníbàárà ńlá kan ti fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Mo ti rí i tí àwọn méjèèjì wọ ilé ìfowópamọ́ kan náà tí wọn kò kíra wọn. Ọ̀gá tẹ nọ́ńbà náà, wọn kò sá lọ sí ọ́fíìsì wọn, níbẹ̀ níwájú wa ni wọ́n ti sọ ọ́. "Bùrọ̀dá, èmi ni. Bọ́dúndé. Asẹ́ wa ti bàjẹ́, gáàsì wa ò dáa. Àwọn ọmọ ìkókó ń bẹ nílé ìwòsàn. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ń bẹ nílé. Ẹ jọ̀ọ́." A kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀gá di ojú, tí wọ́n sì ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà kò ju méjì lọ, ọ̀gá sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn ìgbà náà: "Mélòó? Máa bọ̀."

Wàsíù gbé lọ́rì lọ sí Àgídìngbì lọ kó ti ilé ìwòsàn, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà kí tiwọn tó tán. Ti Bàbá kù. Mo ti mú báàgì mi kí n máa lọ, ọ̀gá sì dá mi dúró. Wọ́n ní gáàsì burúkú wà nínú gbogbo páìpù, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì ṣí fáàfù kan, èmi nìkan ni mo mọ bí Olùṣọ́ tuntun yìí ṣe ń ronú. Wọ́n ní, "Èmi ni n ó gbé ti Bàbá lọ. Júwe ilé fún mi." Mo júwe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ní Oregun, mò ń ti fáàfù pa níkọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ọkàn mi sì wà ní Agége.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, ẹnu Ìyá ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyàwó Kékeré tán pátápátá kí ọ̀gá tó dé. Ìyá ní nígbà tí àwọn kò gbọ́ híhó rẹ̀ mọ́, àwọn gun orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn jókòó sẹ́yìn Bàbá, àwọn sì gbé ẹ̀yìn Bàbá lé àyà àwọn. Wọ́n ní, "Ẹ máa mí bí mo ṣe ń mí. Bí àyà mi bá gbé yín sókè, ẹ gòkè. Bó bá sọ̀ yín kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Kí ẹ̀rù má bàa ba Bàbá, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí Bàbá ṣe wá tọrọ àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bó ṣe jẹ́ pé bàtà ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀ wá, tó tóbi jù wọ́n lọ. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n ń mì í: kò tóbi. Ìyá ní, "Ó tóbi! Ẹ má fèsì. Ẹ kàn máa mí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń fi ìka jiyàn, títí wọ́n fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀gá Bọ́dúndé fúnra wọn ló gbé sílíńdà náà léjìká gun òkè. Ìyá gba rọ́bà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi í sí Bàbá nímú. Ojú Bàbá padà wálé díẹ̀díẹ̀. O mọ bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí sọ ni pé, "Ìyá Mùínàt, ẹ fún àlejò lómi." Èkejì ni wọ́n kọjú sí ọ̀gá pé, "Olùṣọ́ ńkọ́?" Ọ̀gá ní, "Olùṣọ́ wà, Bàbá. Òun gan-an ló gbà yín lónìí." Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ jẹ́ kó sinmi dáadáa kó tó padà síṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má máa lo àwọn ọmọ wọ̀nyí jù. Mo ti ń ṣàdúà fún un láti àárọ̀."

Ọ̀gá padà sí Oregun, wọ́n jíṣẹ́ náà fún mi bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọn kò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ìgbà tí mo ti ń dárúkọ Olùṣọ́ nílé, Bàbá rò pé èèyàn ni. Wọ́n rò pé ọmọkùnrin kan ni a jọ ń ṣiṣẹ́, tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí àwa sì fẹ́ fipá gbé e dìde. Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá Peace wá dì mí mú, nítorí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Lọ́jọ́ kejì a gbé Bàbá lọ bá dókítà. Wọ́n yí oògùn wọn padà, wọ́n sì ní kí sílíńdà kejì máa wà nílé nígbà gbogbo, a ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Oregun, wọ́n tú ohun tó wà nínú asẹ́ dànù, wọ́n kó tuntun sí i, wọ́n tún ẹ̀rọ ìgbẹmi ṣe. Lọ́jọ́bọ̀, èmi, Peace àti ọ̀gá dúró, mo sì tan kọ̀ǹpútà. N kò tẹ nǹkan kan. Olùṣọ́ jí, ó bi mítà léèrè, mítà dá a lóhùn, a sì gbọ́ fáàfù àkọ́kọ́ tó ṣí, kà, tí èkejì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ní, "Káàbọ̀ o," wọ́n sì jáde lọ kíákíá kí a má bàa rí ojú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti Bàbá, mo ṣàlàyé fún wọn pé Olùṣọ́ kì í ṣe èèyàn, pé ètò inú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní, "Àdúà tí mo fi gbogbo àárọ̀ ṣe ńkọ́, Àkànkẹ́? Ta ló wá gbà á?" Mo ní, "Bàbá, ó jọ pé èmi ni." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ lọ ṣèdánwò. Wọ́n ní kò burú, kò ṣòfò.

Nítorí náà, má sáré wálé. Mo mọ̀ ọ́, o ti ń wo báàgì rẹ. Parí ọdún ìsìnrú ìlú rẹ, kí o kọ́ àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n mọ ìṣirò. A nílò ẹ̀rín rẹ nílé, ṣùgbọ́n a lè dúró dè é. Bí o bá tún gun orí òkè, pe Ìyá kí o tó pè mí. Wọn kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ṣì wà lára wọn, wọ́n ṣì máa ń jí lóru láti tẹ́tí sí híhó sílíńdà.

Ọlọ́hun tó fún wa ní èémí láìgba owó kan kò ní gba tìrẹ ní àìtọ́jọ́. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. Ibi tí o bá ti ṣubú, wàá rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́. A ó fojú kan ara wa láyọ̀, pẹ̀lú Bàbá àti Ìyá láàárín wa. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́ ilẹ̀,
Mùínàt.

Àfikún: Bàbá ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ọwọ́ wọn nìyí, n kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀:

Muhydeen ọmọ mi. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Atẹ́gùn ń fẹ́. N kò fi rọ́bà símú láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Bàtà yẹn kò tóbi.